Orin Tí Ìyá Àgbà Fi Dù Wọ́n

Láti ìgbà tí ìyá àgbà mi ti kú, kò sí ará ìjọ wa kan tó pàdé mi ní Ibo Road, ní Kánò, tí kò ní sọ pé, "Màmá lọ ní àlàáfíà." Irọ́ ni. Èmi ni mo ń bu omi sí i lẹ́nu ní ọ̀sẹ̀ tó lò kẹ́yìn láyé. Màmá bínú lọ ni. Ó ní ìdí, mi ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ìdí náà mọ́lẹ̀, torí pé ìbínú yẹn ló jẹ́ kí èmi fúnra mi wà láàyè.

Ọmọ Ọ̀fà ni. Iṣẹ́ reluwé ló gbé ọkọ rẹ̀, bàbá àgbà mi tí mi ò bá láyé, wá sí Kánò, Railway Quarters ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbé. Nígbà tí ọkọ kú, ó kó ọmọ rẹ̀ méjèèjì, bàbá mi àti Délé tó jẹ́ àbúrò bàbá mi, wá sí Sabon Gari. Ó gba yàrá méjì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta àlùbọ́sà lọ́jà. Ní ìjọ Àládùúrà tí wọ́n ń lọ, òun ni Ìyá Ẹgbẹ́ Akọrin. Àwọn Hausa tó ń bá a ru àpò àlùbọ́sà kò mọ oyè yẹn. Mama Mai Waka ni wọ́n ń pè é, ìyá olórin.

Ohùn rẹ̀ wúwo. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ orin, débi pé àlejò á rò pé ó ti ṣì í mú. Tó bá dé ìlà kejì, wàá ti mọ ibi tó ń lọ. Tó bá fi máa dé ìkẹta, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ti wà lẹ́yìn rẹ̀, tọkùnrin tobìnrin, pẹ̀lú àwọn ọmọ tó ń sùn lẹ́yìn ìyá wọn. Púpọ̀ nínú àwọn ìyá ìjọ kò lè ka ìwé orin, nítorí náà òun ló ń pe ìlà fún wọn kí wọ́n tó kọ ọ́. Kì í kánjú pè é. Á pè é bí ẹni ń bu oúnjẹ fún ọmọ, á dúró, á rí i pé ó ti dé ọwọ́ gbogbo wọn.

Ohun tó máa ń mú un bínú jù ni kí ènìyàn fo ẹsẹ orin. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan tí oòrùn mú gan-an, Bùrọ̀dá Ṣọlá tó ń tẹ dùùrù fo ẹsẹ kẹta, ó bọ́ sí ìkẹrin. Ìyá àgbà kò tẹ̀ lé e. Òun nìkan ló ń kọ ẹsẹ kẹta lọ, tí dùùrù ń sáré níwájú, títí tí ojú fi ti dùùrù, tó sì dákẹ́. Lẹ́yìn ìsìn, Bùrọ̀dá Ṣọlá wá bá a níta, ó dọ̀bálẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú. Mo rí i pé àsìkò ti ń lọ, ooru sì ń mú àwọn èèyàn."

"Ibo lára ni ooru ti ń mú ọ?" ni ìyá àgbà wí. "Ẹni tó kọ orin yẹn kò kọ ẹsẹ kẹta fún eré."

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nílé. Àwa ọmọ tí wọ́n bí sí Kánò, Hausa ló yá lẹ́nu wa. Tó bá rán mi níṣẹ́, tí mo bá dáhùn pé "To, Mama," á gbé ohun tó ń ṣe sílẹ̀, á máa wò mí títí màá fi fi Yorùbá dáhùn. Òun fúnra rẹ̀ a máa ná ọjà ní Hausa débi pé àwọn alájàpá láti abúlé á béèrè bóyá Kánò ni wọ́n bí i sí. Mo sọ èyí fún un lọ́jọ́ kan, pé òun náà ń sọ ọ́, kí ló dé tí èmi kò lè sọ ọ́. Ó di etí mi mú, kò fà á, ó kàn dì í mú. Ó ní, "Ti ọjà wà fún ọjà. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn tèmi lẹ́nu rẹ."

Mo ti sọ nǹkan wọ̀nyí kí ẹ lè mọ irú ènìyàn tó jẹ́, kí n tó sọ èyí tó kù.

Nínú ìjọ wa nígbà yẹn, èèwọ̀ ni òògùn. Àgbo, òògùn oníhóró, abẹ́rẹ́, gbogbo rẹ̀ ni Bàbá Wòlíì kà léèwọ̀. Ẹni tó bá ṣàìsàn, wọ́n á gbé e wá síwájú pẹpẹ, wọ́n á tẹ́ ẹní fún un, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á fún un ní omi ìyàsímímọ́ mu, wọ́n á sì kọrin lé e lórí. Orin ni òògùn ìjọ wa, ìyá àgbà mi ló sì ń fún àwọn èèyàn lò. Àwọn kan dìde, wọ́n jẹ́rìí. Àwọn tí kò dìde, a kì í gbọ́ ẹ̀rí lẹ́nu wọn.

Kò pẹ́ tí ogun abẹ́lé parí ni Délé ṣàìsàn. Ọmọ bí ọdún méjìlá ni. Ìgbà ooru ni, ìgbà tí àrùn yínrùnyínrùn tí àwọn Hausa ń pè ní sankarau máa ń jà ní Kánò. Orí ló kọ́kọ́ ń fọ́ ọ, lẹ́yìn náà ọrùn rẹ̀ le gbagidi bí igi. Wọ́n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Malam Sani, aládùúgbò wa tó ń wa takisí, dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń bẹ ìyá àgbà pé kó jẹ́ kí òun gbé ọmọ náà lọ sí ọsibítù. Ìyá àgbà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó máa lọ. Ó kúnlẹ̀ síbi orí ọmọ rẹ̀, ó kọrin.

Délé kú sórí ẹní yẹn.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Bàbá Wòlíì gun orí pẹpẹ. Ó ní Ọlọ́run kì í kùnà. Ó ní tí ọmọ bá kú níwájú pẹpẹ, kí wọ́n wá ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ já nínú ilé náà, ìyá sì ni ìgbàgbọ́ ilé. Kò dárúkọ. Kí ló fẹ́ fi orúkọ ṣe? Gbogbo ìjọ yíjú, wọ́n wo obìnrin tó wọ aṣọ funfun tó jókòó síwájú ẹgbẹ́ akọrin. Ohun tó sì dùn mí jù ni pé ó gbà á gbọ́. Ọdún lẹ́yìn ọdún ló fi ń gbààwẹ̀ lé e lórí, tó ń tọrọ àforíjì fún ikú tí kì í ṣe òun ló fà á. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló bá mi sọ̀rọ̀ nípa bí Délé ṣe kú. Mo ti dàgbà nígbà náà. A jọ ń ṣa àlùbọ́sà tó ti bàjẹ́ kúrò nínú èyí tó dára, kò sì gbójú sókè.

"Orin ni mò ń kọ nígbà tó kú," ló wí. "Mi ò mọ̀. Mo kọ ẹsẹ méjì sí i fún òkú."

Mo tó bí ọmọ ọdún méje nígbà tí àìsàn yẹn mú èmi náà. Bàbá mi wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ìyá mi àti àwọn ìyá ìjọ ló gbé mi lọ síwájú pẹpẹ, ìyá mi ló sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi, nítorí ní tèmi, ooru ara mi nìkan ni mo rántí, pẹ̀lú àwọn aṣọ funfun tó yí mi ká. Wọ́n ránṣẹ́ pe ìyá àgbà lọ́jà. Ó dé, ó wọ sùtánà rẹ̀, ó bọ́ bàtà. Bàbá Wòlíì ní kó gbé orin ìwòsàn. Ó gbé e. Bí wọ́n ṣe kọ ẹsẹ kìíní tán, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ ọrùn mi láti gbé orí mi sókè kí n lè mu omi ìyàsímímọ́.

Ọrùn mi kò tẹ̀.

Ìyá mi ní ó yọ ọwọ́ rẹ̀, ó tún tì í bọ ibẹ̀, bí ẹni pé ọwọ́ rẹ̀ ló ń purọ́ fún un. Àwọn yòókù ń retí kó pe ìlà ẹsẹ kejì. Kò pe nǹkan kan.

Bàbá Wòlíì ní, "Ìyá Ẹgbẹ́ Akọrin, ẹ máa kọ ọ́ lọ."

Ìyá àgbà gbójú sókè wò ó. Ó ní, "Mo ti kọ ọ́ rí."

Ó gbé mi sí èjìká, ó dìde. Bàbá Wòlíì ti lọ dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó ní, "Ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Tí ẹ bá gbé ọmọ yìí jáde, ẹ ti jáde kúrò nínú ààbò. Tí ẹ̀mí rẹ̀ bá bọ́, ọrùn yín ló wà."

"Bàbá, ẹ kúrò lọ́nà."

"Màmá, ìgbàgbọ́ yín..."

"Ẹ kúrò lọ́nà kí n tó gbá yín ṣubú nínú ilé Ọlọ́run!"

Ó kúrò lọ́nà. Ìyá àgbà bọ́ sí Ibo Road láìwọ bàtà, pẹ̀lú sùtánà funfun, ìyá mi ń sunkún tẹ̀ lé e. Àwọn ọlọ́jà dìde lórí àga. Malam Sani ń sinmi nínú takisí rẹ̀ lábẹ́ igi. Kò béèrè ibi tí wọ́n ń lọ. Ó wo bí ọrùn mi ṣe rí, ó ní, "Wayyo Allah, sankarau ne," ó sì ń fọn fèrè ọkọ̀ títí wọ́n fi dé ọsibítù. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ mọ́jú, wọ́n gún mi tọ̀sán-tòru. Ara mi yá. Etí mi òsì kò gbọ́ràn mọ́ láti ìgbà náà, dókítà sì sọ fún ìyá mi pé tí wọ́n bá tètè gbé mi wá, bóyá etí náà kì bá ti lọ. Nígbà tí ìyá mi ń dúpẹ́ pé etí kan ṣoṣo ni, ìyá àgbà kò dúpẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ló dúró sí, ó ń wo abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi gún mi, tó wà nínú àwo.

"Ṣé kò ju báyìí lọ?" ló wí. "Nǹkan kékeré báyìí?"

Wọ́n bá a wí nínú ìjọ. Wọ́n gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó máa jókòó sẹ́yìn, kò sì gbọdọ̀ gbé orin títí ọdún á fi yí po. Mo bi í lẹ́yìn náà ìdí tí kò fi lọ sí ìjọ mìíràn, nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀ ní Sabon Gari bí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní òun ru nínú yanrìn tí wọ́n fi kọ́ ilé yẹn. Ó sì tún ní, "Mo fẹ́ kí wọ́n máa rí mi."

Wọ́n rí i. Kò pa ọjọ́ Ìsinmi kan jẹ. Nígbà tí ìbáwí parí, ẹgbẹ́ akọrin ti dàrú. Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ń pe ìlà lọ́nà tí àwọn ìyá kò fi lè gbá a mú; ohùn wọn ń já sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn alàgbà wá sílé wa, wọ́n ní kó padà. Ó fún wọn lómi mu. Ó ní òun á padà lọ́jọ́ tí Bàbá Wòlíì bá gun orí pẹpẹ, níbi tó ti bà á jẹ́, tó sì sọ ọ́ sétí gbogbo ìjọ pé kì í ṣe ìgbàgbọ́ ìyá ló pa Délé. Wọ́n ní Wòlíì kì í kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Ó ní kò burú. Láti ọjọ́ náà ló ti padà sí ìjókòó iwájú, láìgba àṣẹ ẹnikẹ́ni, tó ń dìde nígbà orin pẹ̀lú àwọn yòókù, ìwé orin ní ṣíṣí lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ní pípadé. Gbogbo ìgbà èwe mi ni mo fi dúró ti ẹnu yẹn. Bí mo bá kọrin, á gbá mi lẹ́yìn pẹ́pẹ́, pé kí n máa kọ ọ́. Òun kò ní kọ ọ́.

Ó ń kọrin lọ́jà. Tó bá jókòó láàárín àpò àlùbọ́sà rẹ̀, á kọ gbogbo orin náà, gbogbo ẹsẹ wọn, àwọn alábàárù á sì sọ ẹrù wọn kalẹ̀ láti gbọ́. Ìròyìn dé ìjọ. Àwọn ìyá ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í yà síbẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á máa tẹ àlùbọ́sà wò bí ẹni tí kò mọ èyí tó fẹ́ mú. Bó bá ti rí wọn, á dákẹ́ láàárín ìlà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ parí ẹ̀," ni ọ̀kan wí lójú mi.

Ó ní, "Àlùbọ́sà ni mò ń tà. Èyí tí mò ń kọ yìí, mo fi dù yín."

Bàbá mi kò fẹ́ràn gbogbo èyí. Ó jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́, ọ̀kan nínú àwọn tó ń dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì láti kí àwọn èèyàn káàbọ̀, tó ń wá ìjókòó fún wọn. Mi ò gbọ́ ọ rí kó dárúkọ Délé. "Ẹ jẹ́ kó tán nínú yín, Màmá," ló máa ń wí. Ìyá àgbà á wò ó bí ẹni ń wo àlejò. Ó ní, "Ṣáà máa ṣílẹ̀kùn fún wọn."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama ló sọ ìbínú yẹn di tèmi. Ìyá àgbà ní kí n sin òun lọ sí ọsibítù lọ wo aládùúgbò wa kan tó bímọ. Bí a ṣe ń kọjá níbi tí àwọn aláìsàn ti ń dúró de dókítà, mo rí Bàbá Wòlíì lórí bẹ́ǹṣì. Kò wọ sùtánà. Ó wọ bùbá àti ṣòkòtò lásán, ó fi fìlà bo iwájú orí, káàdì ọsibítù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Káàdì náà ti gbó. Kì í ṣe ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ìyá àgbà dúró. Ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ kí obìnrin kí àgbà, gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ sì ń wò wọ́n.

"Ẹ kú ara àìle, Bàbá," ló wí, pẹ̀lú ohùn ńlá yẹn. "Ṣé kí n gbé orin?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà kò rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí ni wọ́n kéde nínú ìjọ, láàárín ìkéde ìkórè àti ti ìpàdé àwọn ọ̀dọ́, pé dókítà kan ń bọ̀ wá yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò fún àwọn àgbà lẹ́yìn ìsìn. Ó tán. Bí wọ́n ṣe mú òfin náà kúrò nìyẹn. Kò sí ẹni tó sọ pé a ti ṣìnà. Kò sí ẹni tó ka orúkọ àwọn ọmọ tó kú sórí ẹní. Àwọn èèyàn tò, wọ́n ń ká apá aṣọ wọn sókè, wọ́n ń ṣàwàdà. Mo ń wo ìyá àgbà lórí ìjókòó iwájú, ìwé orin lórí itan rẹ̀. Ó jókòó títí tí ìlà náà fi tán, a sì jọ rìn délé.

Ó ní, "Délé ì bá ti bímọ báyìí."

Àwọn sójà ti tún gbàjọba nígbà tó dùbúlẹ̀ àìsàn tó gbé e lọ. Àwọn ìyá ìjọ wá kí i, wọ́n jókòó yí bẹ́ẹ̀dì ká, wọ́n ní kó dárí ji gbogbo ènìyàn kó tó rí ojú Olúwa. Mo rò pé ó ti sùn. Ó la ojú.

"Ẹ kò tíì bẹ̀ mí," ló wí. "Kí ni kí n dárí ẹ̀ jì?"

A sin ín ní ọjọ́ Sátidé. Gbogbo ìjọ wá sí itẹ́ òkú, ẹgbẹ́ akọrin wọ aṣọ funfun tuntun, wọ́n gbé agogo àti ìlù wá. Malam Sani tó ti kó lọ sí Hotoro wá pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, wọ́n dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bàbá Wòlíì ti darúgbó, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló di apá rẹ̀ mú. Ó sọ̀rọ̀ nípa ìyá kan tí ohùn rẹ̀ gbé ìjọ ró. Ó pè é ní ọ̀pá ìgbàgbọ́. Nígbà tó ní kí ẹgbẹ́ akọrin gbé orin tí Màmá fẹ́ràn jù, ara mi kò gbà á mọ́. Mo ti ń ti àwọn èèyàn sápá kan láti lọ síwájú, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ, mo ṣáà mọ̀ pé màá pariwo. Bàbá mi na ọwọ́, ó dá mi dúró. Mo rò pé ó fẹ́ ní kí n dákẹ́, bí ó ti máa ń ṣe.

Ó kọjú sí Bàbá Wòlíì.

"Bàbá," ló wí, "kí ló pa Délé?"

Agogo tó ti bẹ̀rẹ̀ dákẹ́. Bàbá Wòlíì wò ó bí ẹni tí kò gbọ́.

"Àbúrò mi, Délé. Ẹ sọ ohun tó pa á fún ìyá mi kí wọ́n tó bò ó."

Alàgbà kan ní, "Bùrọ̀dá, ibí yìí kọ́..."

"Ibí yìí ni," ni bàbá mi wí. Kò gbé ohùn sókè. "Bàbá, mò ń dúró."

Bàbá arúgbó náà wo sàréè. Ó wo àwọn alàgbà rẹ̀. Ó ní, "Ọlọ́run ló mọ̀." Ohun tó lè sọ náà nìyẹn.

Bàbá mi mi orí. "Ẹ má kọrin fún ìyá mi," ló wí.

Kò sí ẹni tó kọrin. Àwọn agbẹ́lẹ̀ wo ojú wa, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹgbẹ́ akọrin dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé wọn ní ṣíṣí. Mo fi etí mi kan tó gbọ́ràn gbọ́ ìró ṣọ́bìrì àti erùpẹ̀ tó ń bọ́ sórí pósí, mo sì gbọ́ bàbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó ń sunkún òkú méjì.